Ogójì Tó Kù

Èmi ni mo máa ń ka ojú ọjọ́ lórí rédíò
lẹ́yìn ìròyìn aago méje, kí ìpolówó ọṣẹ tó bẹ̀rẹ̀.
Lánàá, mo kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́ fún mi:
láti oṣù kẹfà títí wọ inú oṣù kẹjọ
òjò yóò pọ̀ ju ti èṣí lọ,
àrá yóò máa sán lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́
ní àwọn apá kan Ìlọrin, Àfọ̀n, Ọ̀fà, títí dé Òmù-Àrán;
ní ti ọ̀la, ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún.
Mo ní kí onílé wo páànù rẹ̀,
kí ará etí odò Asà má sun oorun àsùnwọra.
Mo ní ó dàárọ̀.

Ìyá mi pè mí kí n tó dé ẹnu géètì.
Ohùn rẹ̀ jìnnà, bí ẹni tó fi ìgúnpá gbé fóònù;
mo mọ̀ pé amọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.
"Apá kan wo? Ṣé Dáda wà nínú apá kan?"
Mo ní, "Màmá, ó lè wà níbẹ̀, ó sì lè má sí níbẹ̀."
"Ọgọ́ta ń rọ̀. Ta ló wá ń gbé nínú ogójì tó kù?"
N kò lésì. Wọn kò kọ ìyẹn fún mi.

Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni àmù tó tò sí ojúde wa,
ọrùn wọn ṣì tutù, ikùn wọn ti ń funfun.
Àlejò á ní ìkòkò ni.
Ìkòkò tí iná kò tíì jó, ẹrẹ̀ tó ń tan ara rẹ̀ ni:
ẹ̀kán òjò mélòó kan, á rántí kòtò tí wọ́n ti wà á.
Mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí òjò já lu iná
tí ìkòkò wà láàárín rẹ̀;
wọ́n ń bẹ́, pá, pá, bí ìgbà tí gúgúrú ń ta.
Ìyá mi jókòó sórí àpótí, ó ń ka ìró wọn.
Ó kà á dé mọ́kànlélógún.
Owó ilé-ìwé mi ni ó ń kà.

Lónìí, ní aago mẹ́ta,
ojú ọ̀run ṣú láti ìhà Òkè-Òyì,
dúdú tó ní àwọ̀ ewé nínú, bí ara tí wọ́n nà.
Atẹ́gùn ló kọ́kọ́ dé. Ó gbé ọ̀rá, ó gbé eruku,
ó gbé fìlà Bùsáírì tó ru ìtí koríko.
Àwọn obìnrin Dáda ń sáré, àmù lórí, àmù láyà;
Ìyá Mọ́ńdé gbé tirẹ̀ sórí ibùsùn ọkọ rẹ̀.
Èmi náà ká ṣòkòtò, mo ń gbé àmù
bí ẹni gbé ìkókó tí oorun rẹ̀ kò tíì jinlẹ̀.
Mànàmáná kọ. Àrá dáhùn lẹ́yìn Òkè Ṣóbí.

A dúró.

Òjò gba ẹ̀gbẹ́ kọjá.
A ń gbọ́ ọ lórí páànù Òkèlélé,
bí ìrẹsì tí wọ́n ń dà sínú àwo tánganran.
Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀kán méje. Mo kà á.
Eruku sín, ó tún jókòó.

Ìyá mi wo òkè, ó wò mí. Mo rò pé yóò bú mi.
"Àwa ni ogójì lónìí," ó ní.
"Sáré lọ bá Múníráátù. Kò sí páànù lẹ́yìnkùlé rẹ̀."

Ààlà wà lójú títì: ìhín gbẹ, ọ̀hún ń ṣàn.
Kí n tó débẹ̀, mẹ́rin nínú àmù rẹ̀
ti tẹ orí ba bí ẹni tó ń kírun.
Mo bá a kó ẹrẹ̀ náà padà sínú agbada.
Kò bi mí ní nǹkan kan.

Lálẹ́, wọ́n tún gbé ìwé lé mi lọ́wọ́:
ọ̀la, ìdá àádọ́ta.
Amọ̀ wà lábẹ́ èékánná mi bí mo ṣe ń kà á.
Nígbà tí mo dé "ní àwọn apá kan", mo dákẹ́.
Ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ rò pé iná ló lọ.