Lẹ́tà Tí Kò Fọhùn

Òjò ọjọ́ mẹ́tàdínlógún kò tíì dá ní Chiloé
nígbà tí wọ́n gbé Baba Àgbà Eleuterio sọdá omi,
ọkọ̀ mẹ́fà tẹ̀ lé tirẹ̀.
Kò sí ẹ́ńjìnnì kan tó pariwo. Àjẹ̀ ni wọ́n fi wà á.

Wọ́n ní kí n wí pé ó di gbéré, ó di àrìnnàkò.
N kò wí i.
Ọdún mọ́kàndínlógójì ni ọkùnrin yìí fi ń pe orúkọ láràárọ̀:
Barría! Lepío! Nahuelquín! Cárcamo àbúrò!
Bí ọmọ kan ò bá jẹ́ ẹ,
Baba kì í kọ "kò wá" síwájú orúkọ rẹ̀.
Á gbójú sókè wo fèrèsé, á ní,
"Ó ń bọ̀. Ìgbì ló dá a dúró."

Ilé ẹ̀kọ́ oníyàrá kan, pákó lókè, pákó nílẹ̀.
Olúkúlùkù mú igi ìdáná kan dání wá.
Bàtà wa á tò yí ààrò ká, wọn á máa sunkún omi,
ọ̀dùnkún á máa jóná díẹ̀díẹ̀ nínú eérú
bí a ti ń ka ìlọ́po méje.
Agolo tábà ló ń kó ẹfun ìkọ̀wé sí,
bí ẹfun bá sì kéré ju èékánná lọ, kò ní jù ú nù,
èékánná fúnra rẹ̀ á máa ha pátákó,
eyín á máa kan gbogbo wa.

Ọdún tí ilẹ̀ mì, tí òkun wọlé láì kan ilẹ̀kùn,
ìlú pinnu láti wọ́ ilé ẹ̀kọ́ gun òkè:
ogún màlúù, okùn tó nípọn bí apá ọkùnrin.
Ilé dìde. Ilé rìn.
Baba nìkan ló kọ̀, kò jáde.
Ó wà nínú, ó na apá méjèèjì bo pátákó láì fara kàn án,
nítorí ìṣirò Rosalba kò tíì parí.
Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sókè, ó ṣí fèrèsé:
"Rosalba! Mélòó ló ṣẹ́ kù?"
Ìyá mi nìyẹn. Títí dòní, kò tíì rí ìdáhùn.

Ó kọ, ó kọ́, ó kọ̀.
Ó kọ lẹ́tà fún ìyá tí ọmọ wọn lọ rẹ́ irun àgùntàn ní Patagonia,
ó kọ́ àwọn ìyá náà títí wọ́n fi ń kọ ọ́ fúnra wọn,
ó kọ̀, kò gba ẹyin, kò gba adìẹ.
Ó gba ẹja gbígbẹ lẹ́ẹ̀kan.
Ìyá àgbà fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí tó fi kú.

Lẹ́tà kan wà nínú èdè wa tí kò lóhùn rárá: H.
A máa ń gbàgbé rẹ̀. Baba á lu tábìlì:
"Ẹ kò gbọ́ ọ, àbí?
Atẹ́gùn tó gbé òrùlé Lepío lọ, ta ló rí i nínú yín?
Ẹ dá a padà sí àyè rẹ̀."

Èmi náà lọ sí Punta Arenas, mo ń ta ìṣó àti ọ̀dà.
Mo ń kọ̀wé sí i lóṣooṣù,
lóṣooṣù ni ìwé mi ń padà wá bá mi,
tàdáwà pupa lára rẹ̀ bí orúnkún ọmọ tó ṣubú,
àti lẹ́yìn rẹ̀: "Ó sàn ju tàná lọ. Ṣé o ń jẹun?"

Ní oṣù Kẹfà, mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ H mẹ́rin kúrò,
kí n ṣáà lè rí ọwọ́ rẹ̀.
Ìwé padà dé. Ó mọ́ tónítóní.
Mo di ẹrù mi lóru ọjọ́ náà.

N kò bá a.

Mo jókòó báyìí sórí bẹ́ǹṣì kejì lẹ́bàá ààrò,
bàtà mi ń sunkún omi.
Tàdáwà pupa ti ń gbẹ, mo da omi bíńtín sí i,
mo fi H mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí àyè wọn.
Ìkẹta wọ́. Ì bá ní kí n tún un kọ.
Mo gbójú sókè wo fèrèsé.
Ìgbì ga.