Ìdajì Ohùn

Ní Kúbwà, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀,
Tíṣà Bítrúsì tẹ dùùrù lẹ́ẹ̀kan péré:
"Dò nìyí. Ẹ fi etí dì í mú.
Ibi yòówù kí orin rìn dé,
ilé rẹ̀ nìyí."

Fọláṣayọ̀ nìkan ló kọ́kọ́ dá a,
ohùn kan, bí okùn tí a kò tíì sá aṣọ sí.
Àwa áátò wọlé sábẹ́ rẹ̀,
Gbádébọ̀ káfíńtà gbé bẹ́ẹ̀sì wá láti ìsàlẹ̀ ikùn,
orin wá ki bí ẹ̀kọ tó ń hó.

Ni NẸ́PÀ bá mú iná lọ.
Dùùrù kú. Àwa ò kú.
Inú òkùnkùn la ti kọ ẹsẹ kejì,
èyí tó ṣe bí ẹni wọ ọkọ̀ Kàdúná láì dágbére,
a sì padà sí ti àkọ́kọ́.

Iná dé. Bítrúsì tún tẹ dò.
Yéè! A ti sọ̀ kalẹ̀ ní ìdajì ohùn,
gbogbo wa pátá, ẹnìkan ò fura.

Ẹ̀rín pa á: "Ẹ ti kó kúrò nílé o!"
Èmi ò rẹ́rìn-ín.
Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo fi Ìkìrun sílẹ̀.
Bí mo bá pe ìyá mi lórí fóònù,
ó máa ń ní ohùn mi ti sún díẹ̀.