Àwọ̀ Ewé Lórí Yìnyín

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ bàbá mi ni mo fẹ́ sọ,
Odi àtijọ́, aláwọ̀ eérú, tó ti rìn ká Jámánì
kí ó tó gba ilẹ̀ Rọ́ṣíà wọ Naryn lọ́dọ̀ wa,
níbi tí òtútù ti ń jẹ etí ènìyàn bí èkúté.

Lọ́dún náà, ó ń mu omi.
Kì í ṣe omi lásán: omi ìtútù ẹ́ńjìnnì,
èyí tó láwọ̀ ewé, tó dùn lẹ́nu, tó sì ń pani.
Ìgò kan lọ́sẹ̀. Nígbà tó yá, ìgò méjì.
Bàbá á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á wo táńkì kékeré náà,
á mi orí: "Ta ló tún mu ún?"
bí ẹni pé èmi àti Ulan àbúrò mi
la ń yọ́ jáde lóru lọ fi korobá bù ú.

Kò jò lójú wa.
Kò jó.
Kò tilẹ̀ jọ ohun tó ń ṣàìsàn.

Ó gbé e lọ bá Mels,
Mels tí òbí rẹ̀ há orúkọ àgbà mẹ́rin
pọ̀ sínú orúkọ kan ṣoṣo, tó sì ń rù ú kiri.
Mels ní rédíétọ̀ ni. Wọ́n pààrọ̀ rédíétọ̀.
Ó ní páǹpù ni. A ta àgùntàn kan, a ra páǹpù.
Ó ní ó ku gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì.
Màmá mi ní, ó ku àgùntàn mélòó?

Ìgbàkígbà tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ́ńjìnnì á ti gbóná.
Mels á dùbúlẹ̀ sórí páálí, tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu,
á máa fọwọ́ pa họ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan
bí agbẹ̀bí tó ń wá orí ọmọ:
gbogbo rẹ̀ gbẹ bí ètè aláàwẹ̀.
"Mairambek, ọkọ̀ rẹ ò ní nǹkan kan.
Bóyá ìwọ lò ń mu ún."

Bàbá kò rẹ́rìn-ín.
Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló ń kó èrò kọjá òkè Dolon,
nígbà míì aboyún tó ń sáré lọ Bíṣkẹ́ẹ̀kì.
Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, kò fẹnu sọ ọ́:
kí híítà dákẹ́ lókè yẹn,
kí yìnyín máa bọ̀, kí ọ̀nà má ní àna, má ní ọ̀la.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló ń gbé.
Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n aago mélòó ló ń jẹun?

Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejì, ọmọ àgùntàn méjì dáyé.
Bàbá fi àhéré sílẹ̀ fún wọn àti koríko tó wà nílẹ̀ rẹ̀,
Odi sùn síta.
Aago márùn-ún ìdájí, mo ń lọ fún wàrà màálù,
òtútù ti rékọjá ọgbọ̀n lábẹ́ òdo,
mo sì rí i lábẹ́ ọkọ̀:
ẹ̀kán kan, tútù bí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, lórí funfun.
Mo kúnlẹ̀. Òmíràn kán.
Mo fi ojú gùn ún lọ sókè,
dé ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, dé ìdí họ́ọ̀sì híítà,
níbi tí kílípù irin kan ti ń díbọ́n pé òun dì í mú.

Bàbá jáde, bàtà ní ẹsẹ̀ kan.
Ó fi ìka kan kílípù náà. Ó yí gbirigbiri.
Lóru, òtútù á mú rọ́bà, rọ́bà á súnkì, ihò á lanu.
Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, họ́ọ̀sì á wú, ihò á pa ẹnu dé,
kò ní jẹ́wọ́ fún Mels, kò ní jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni.
Koríko àhéré sì ti bá a fi àṣírí pamọ́ láti oṣù Kọkànlá.

Sukurudíráfà. Ó yí i lẹ́ẹ̀mẹta.
Kílípù tí owó rẹ̀ kò ra búrẹ́dì.

Ó jókòó sórí yìnyín, ó ń ka nǹkan lórí ìka,
mo mọ̀ pé àgùntàn ni.
Màálù ń ké. Korobá mi ṣófo.
Màmá yọjú lójú fèrèsé, ó ń bú mi pé wàrà pẹ́,
Ulan sì ń béèrè láti inú ilé
bóyá a ti mú olè náà.