Odò Kì Í Dúró Kí A Yà Á

Oṣù Karùn-ún, aago márùn-ún ìdájí, lórí odò Tisza.
Vendel ló ń tu ọkọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ a máa gbọ̀n lórí ilẹ̀,
ṣùgbọ́n tó bá ti di àjẹ̀ mú, ó parí.
Èmi Ilka jókòó níwájú, ìwé lórí eékún,
ẹ̀rọ tí ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ òsì.

Etí odò ga bí ilé alájà méjì,
ihò inú rẹ̀ pọ̀ bí ojú ajere.
Nínú ihò kọ̀ọ̀kan, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kan ń yọjú.
Ó ti ilẹ̀ Áfíríkà fò dé, ó kọjá aṣálẹ̀, ó kọjá òkun,
ìwọ̀n ara rẹ̀ kò tó ẹyọ owó mẹ́ta.
Ilé tó gbẹ́ kò kan òkè, kò kan omi.
Ẹni tó bá rò pé ìyẹn ti tó ààbò,
kó dúró dìgbà tí yìnyín orí òkè bá yọ́.

Mo ń kà: igba, okòólérúgba, òjìlérúgba…
Vendel wúkọ́, iye bọ́ lọ́wọ́ mi,
mo tún bẹ̀rẹ̀.

Ní yunifásítì, ẹyẹ ni mo kọ́ kọ́kọ́.
Ọkùnrin tó wá kọ́ mi ní yíya àwòrán ilẹ̀
kò mọ ológoṣẹ́ yàtọ̀ sí àdàbà;
èmi náà kò mọ bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà fa ìlà tí kò wọ́.
Ìyá mi ní, "Iṣẹ́ méjì kì í ṣe iṣẹ́ kan, Ilka. Mú ọ̀kan."
Mi ò mú ọ̀kan.
Ẹyẹ tí a kò mọ ibi tó ń sùn, kí la fẹ́ sọ nípa rẹ̀?

Ọdún méjìlá ni mo ti ń fa etí odò yìí.
Búlúù ni ọdún kìíní, pupa ni èṣín,
ìlà kan kò sì dùbúlẹ̀ lórí èkejì rí.
Ibi tí mo dúró sí jẹ búrẹ́dì ní ọdún kẹta,
ẹja ló ń gbé ibẹ̀ báyìí.
Bí etí odò ṣe ń sá sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni ihò ń tẹ̀ lé e:
ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já ni ẹyẹ ń fẹ́.
Etí odò tí kò bá já mọ́, wọ́n á kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà òtútù, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá sí gbọ̀ngàn Kisfüzes.
Wọ́n fẹ́ kó òkúta ti etí odò, kó má lè mira mọ́.
Mo tẹ́ àwòrán mi sórí tábìlì.
Ọ̀gá wọn fi ìka kan àmì dúdú kan: "Èyí ńkọ́?"
Ilé ni. Ilé Vendel, àti igi ápù mẹ́rìnlá.
Òru mẹ́ta ni mo fi ṣírò rẹ̀, tí mò ń gbàdúrà pé kí n ti ṣì í.
"Ọdún mẹ́sàn-án," ni mo wí. Ohùn mi kò jáde dáadáa.

Vendel ṣí fìlà, ó wo àwòrán náà
bí ẹni ń wo fọ́tò ìgbà èwe rẹ̀.
Ó ní, "Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni mí.
Odò fún mi ní mẹ́sàn-án sí i,
dókítà kò ṣèlérí tó bẹ́ẹ̀."
Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Kinga, ìyàwó ọmọ rẹ̀, kò rín.
Òun ló gbin mẹ́fà nínú igi yẹn.

Wọn kò tíì pinnu. Òkúta wà lẹ́bàá ojú irin,
koríko ti ń hù láàárín rẹ̀.
Kinga kì í kí mi mọ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́.

Ọ̀rìnlérúgba. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.
Ègé amọ̀ kan já lókè, ó bọ́ sínú omi, gbì!
Vendel kò tilẹ̀ yíjú.
"Fa ìlà rẹ, ọmọ mi," ó ní,
"kí odò tó tún pa èrò dà."