Ó Ku Márùn-ún

A jẹ́ mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún ní kíláàsì kan l'Ókèsà,
ìwé ìṣirò mẹ́rìnlá ló wà fún gbogbo wa.
Ẹ̀yìn Bọ̀dúnrìn ni mo jókòó sí:
mo mọ etí rẹ̀ méjèèjì
ju ohun tí wọ́n ń kọ sára pátákó lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Adéṣùyì kì í ṣe èèyàn burúkú.
Owó oṣù rẹ̀ ló ń pẹ́,
ọ̀kadà rẹ̀ ló ń kú lọ́nà Ìmọ̀,
àwa la wá ń san án.
"Wá ẹ́kìsì rí!" Pàṣán ti wà lókè.
Mo wá a lábẹ́ bẹ́ǹṣì, mo wá a nínú omijé,
àtẹ́lẹwọ́ mi wú,
ẹ́kìsì ò yọjú.

Mo gba mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún.
Màmá mi wo káàdì náà, ó rẹ́rìn-ín:
"Ìdílé wa ò lórí ìṣirò, èmi náà ò mọ̀ ọ́n.
Ọkọ ò ní bi ọ́ ní jọ́métírì."
Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kó wọlé.
Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti rí nọ́ńbà,
inú á máa run mí bí ẹni jẹ máńgòrò àìpọ́n.

Bàbá àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín,
ọkùnrin tó ta aṣọ láwìn títí dé Bídà,
tí kò kọ lẹ́tà kan rí láyé rẹ̀.
"Ìbídùn, ẹnì kan ní náírà mẹ́ta lápò,
ó jẹ mí ní márùn-ún. Kí ló ní?"
"Kò ní nǹkan kan, Bàbá. Ó tún ku méjì lọ́rùn rẹ̀."
Mo ti dáhùn
kí n tó rántí pé n kò mọ ìṣirò.

Táàmù kejì, Ìyáàfin Fámúrewá dé
pẹ̀lú oyún oṣù méje. Kò mú pàṣán wá.
"Báwo lo ṣe ronú débẹ̀?" ni tirẹ̀,
ìbáà jẹ́ ẹni tó gbà á, ìbáà jẹ́ ẹni tó ṣì í.
Bọ̀dúnrìn ṣàlàyé àṣìṣe rẹ̀, a bú sẹ́rìn-ín,
àfi bí ìdajì wa ṣe bojú wo ìwé tirẹ̀
tó bá àṣìṣe yẹn gan-an níbẹ̀.

Nígbà tó lọ bímọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá gbáko,
olùkọ́ kankan ò yọjú sí wa.
Bọ̀dúnrìn ló mú ṣọ́ọ̀kì.
A pariwo, a jà, a ṣírò díẹ̀.

Mo mú èsì wálé: márùndínláàádọ́ta.
Màmá ní, "Ṣé o rí i?"
Bàbá àgbà ní kí n tún un pè, díẹ̀díẹ̀.
Ó ní, "O gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ sọ?
Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ ò dúró ní ogójì láti kà á.
Àádọ́ta ni wọ́n dúró sí,
wọ́n ń wò ọ́ bọ̀.
Èló ló kù?"
"Márùn-ún."
"Ìgbà wo lo máa san án?"

Kò dúró gba èsì.
Pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún,
ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi
bíi ti ayé àtijọ́,
ó kẹ́jú mọ́ mi,
mo sì ṣí ìwé.