Máàkì Kan Ṣoṣo

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi fa ìlà sínú ìwé náà,
ìwé ẹlẹ́yìn líle tí mo rà ní Ìgbọ̀nà
lọ́dún tó kọjá, kí ẹgbẹ́ Aláró ti Òṣogbo tó wọ ìpele kejì:
Ẹni tó bá wá wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ nílé, máàkì kan.
Ẹni tó bá bá wa lọ sílé onílé, méjì.
Ẹni tí òjò bá pa tí kò dìde,
a ó kí i. Kò sí máàkì fún òjò.

Tíkẹ́ẹ̀tì márùndínlọ́gbọ̀n ni Ìlọrin fi ránṣẹ́.
Àwa tó fẹ́ lọ lé ní ọgọ́fà.

Alága pè mí sẹ́yìn mọ́tò rẹ̀.
Ó ní ọmọ àbúrò òun ti dé láti Èkó,
ó ní ta ló ra epo bọ́ọ̀sì?
Mo ṣíwèé. Máàkì mẹ́ta lọmọ náà ní,
ọ̀kan nínú ẹ̀ gan-an, mo fura sí i.
Mo ní, "Alága, epo kì í jókòó wo bọ́ọ̀lù."
Ó rẹ́rìn-ín ẹni tínú ń bí.

Lábẹ́ iná fóònù ni mo ti ka ìyókù,
iná ìjọba ti lọ ní Òkè-Báalẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́.
Múníà aránṣọ, méjìdínláàdọ́ta.
Lásún tó ń lẹ táyà, mẹ́rìnlélógójì.
Àwọn ìbejì Gbádégẹṣin tí wọ́n jọ ń fi káàdì ẹyọ kan wọlé,
mo pín máàkì wọn sí méjì, àwọn méjèèjì jábọ́.
Ẹni karùndínlọ́gbọ̀n: Bàbá Ọ̀ṣúntókí. Mọ́kànlélógójì.
Ẹni kẹrìndínlọ́gbọ̀n: èmi. Ogójì.

Mo tún un kà.
Ìṣirò kì í mọ ẹni tó bí i.

Mo mọ ibi tí máàkì mi ti sọnù.
Ọjọ́ tí Ràmọ́tà ń rọbí l'Ásùbíàrò,
mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìgbẹ̀bí,
afẹ́fẹ́ ń gbé ariwo góòlù wá láti pápá,
ọmọ ké, mo ké,
n kò mọ èwo nínú méjèèjì ni mo dá lóhùn.

Ẹ gbọ́ ná: Bàbá Ọ̀ṣúntókí kò ríran mọ́.
Ojú ọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ, tòsì tẹ̀lé e.
Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń jókòó tì í, èmi lojú:
"Wọ́n ti gbá a sápá òsì. Ó ti bọ́ lọ́wọ́ wọn.
Pẹ̀lẹ́, Bàbá, a ò tíì jẹ ẹ́."
Nígbà mìíràn mo máa ń parọ́ díẹ̀,
bọ́ọ̀lù tó fò lọ sígbó,
mo máa ń mú un súnmọ́ àwọ̀n.
Ọjọ́ ìrọbí yẹn, òun nìkan ló jókòó.
Kò mọ ẹni tó borí títí ó fi délé.
Máàkì yẹn ló fi jù mí lọ.

Bírò wà lọ́wọ́ mi. Ẹyọ kan ni, ta ni yóò kà á?
Mo kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì,
mo fi rọ́bà di gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo lọ sùn. N kò sùn.

Bọ́ọ̀sì gbéra ní Òkè-Fìà kílẹ̀ tó mọ́ tán.
Ó di ọwọ́ mi mú lójú fèrèsé.
"Ta ni yóò máa wò ó fún mi?"
Mo ní Lásún mọ̀rọ̀ọ́ sọ.
Ó ní Lásún ò mọ̀rọ̀ọ́ sọ, ariwo ló mọ̀ ọ́n pa.

Agogo mẹ́rin àbọ̀, fóònù mi dún.
Mo wà lórí àtẹ̀gùn, ọmọ ń fi fìlà mi nu ẹnu.
Bàbá ni. Kò kí mi.
"Gbọ́. Wọ́n ti dákẹ́. Ará Ìlọrin ló dákẹ́ yẹn,
tiwa kì í dákẹ́ báyẹn.
Bàtà ń dún lápá ọ̀tún. Ó ti bọ́. Rárá, dúró,
ẹnì kan ń dá sáré..."
Mo pa ojú mi dé kí n lè rí i.

Owó orí fóònù rẹ̀ tán.