Lẹ́tà Mẹ́wàá

Ọ̀bẹ tí bàbá mi fi ń rẹ́wọ́ àjàrà
ló rẹ́ òun náà lọ́wọ́,
nínú oṣù Èrèlé, lórí òkè tó kọjú sí odò Main.
Ó fi àkísà dì í, ó ń bá iṣẹ́ lọ.
"Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni," Alois Drescher ló wí bẹ́ẹ̀,
ẹni tí kò wọ ilé ìwòsàn rí
àyàfi ọjọ́ tí wọ́n bí mi.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, ọwọ́ ti wú bí búrẹ́dì.
Wọ́n fún un lóògùn kìíní, kòkòrò náà fi rẹ́rìn-ín.
Wọ́n fún un ní ìkejì, ó fi yọnu.
Ìkẹta, èyí tí wọ́n ń tì mọ́nú àpótí,
pa àwọn aláìṣẹ̀ tó ń gbé inú ìfun bàbá mi,
ó dá ọ̀daràn sí.

Ìsàlẹ̀ òkè yẹn, ní Würzburg, ni yàrá ìwádìí wa wà.
Mo gba òwú tí wọ́n fi nu egbò rẹ̀,
mo gbin kòkòrò náà sínú àwo.
Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti ka ìwé ilé rẹ̀ tán.

Baálé ilé náà kì í jáde.
Ìránṣẹ́ ló ń rán sí àwọn alágbẹ̀dẹ:
"Ẹ bá mi mọ ògiri, kí n má baà tú."
Ìránṣẹ́ yìí ni a ń dọdẹ.
A hun RNA kékeré kan,
lẹ́tà mẹ́wàá péré,
tó bá ọ̀rọ̀ ìránṣẹ́ mu bí eyín kọ́kọ́rọ́.
A so ó mọ́ ohun tó lè gbé e wọlé.
Ó wọlé, ó lẹ̀ mọ́ ìránṣẹ́ lẹ́nu.
Iṣẹ́ dé, iṣẹ́ kò ṣeé jẹ́.

Aago méjì òru Ọjọ́bọ̀, àwo mọ́ kedere.
Mo rí ìka mi láti abẹ́ rẹ̀,
mo kà wọ́n: márùn-ún.
Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n gé méjì nínú ti bàbá mi.

Oògùn inú àwo kì í ṣe oògùn inú ènìyàn.
Eku ló kàn. Lẹ́yìn eku, ìwé.
Lẹ́yìn ìwé, ọdún.

"Ṣé yóò hù wọ́n padà?"
Rárá, Bàbá.
"Báwo ló ṣe tó?"
Mo ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, abẹ́rẹ́ jẹ́ òpó ilé ìjọsìn.
Ó wo ojú fèrèsé, ó wo òkè, ó pẹ́ kó tó fọhùn.
"Wọ́n fẹ́ sun gbogbo ọgbà nítorí ẹ̀ka kan.
Èmi, ojú kan ṣoṣo ni mo máa ń gé."

Lẹ́yìn náà ó ní kí n gbé ọ̀bẹ òun wá,
kí òun fi ọwọ́ òsì kọ́ bí wọ́n ṣe ń dì í mú.
Mo ní ó di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la.
Eku mọ́kànlá ń dúró dè mí láàárọ̀.